Sùúrù Lérè Kò Lọ sí Ara Mọ́

Ṣọ́ọ̀bù Bámidélé Télọ̀,
Iwájú Ibùdó Rélùwéè,
Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 1985.

Ìyàndá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ààwẹ̀ o, mo sì kí ọ kú oòrùn Kàdúná. Báwo ni Kafilat? Ṣé ọmọ tuntun ti ń rẹ́rìn-ín, ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ sùn? Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí o ń ṣe ńkọ́? A ń gbọ́ níhìn-ín pé wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró káàkiri, mo sì ń bẹ Olúwa kí ọ̀rọ̀ náà má dé ọ̀dọ̀ rẹ. Grace ìyàwó mi ní kí n kí ọ, àwọn ọmọ náà ń kí ọ. Ara wa le, ebi kò tíì pa wá kú, a sì ń dúpẹ́ ìyẹn. Ní ti iṣẹ́ tèmi, àwọn tó ń gbé aṣọ tuntun wá kò pọ̀ mọ́. Ẹni tí kò rí gààrí rà, kí ni yóò fi rán bùbá? Ṣòkòtò tó ya nídìí ni mò ń lẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìdí tí n kò tíì mọ̀ tán ní Ẹdẹ.

Ẹ kú ọ̀fọ̀ Bàbá Rábíù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Ẹ kú ara fẹ́ra kù. Kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, kí ó fi àlùjánńà kẹ́ wọn. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdúà yẹn, ìwọ lo kọ́ mi nígbà tí a wà nílé ìwé, tí a jọ ń jẹ mọ́ínmọ́ín láti inú ewé kan náà.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo kà á, inú bí mi, mo jù ú sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo tún bẹ̀rẹ̀, mo mú un. O bi mí pé ṣé ní gbogbo Ẹdẹ kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó lè júwe ọ̀nà Ara fún ìyá rẹ, obìnrin tí wọ́n bí ní Ara, tó ti ń lọ tó ti ń bọ̀ níbẹ̀ kí àwa tó hu eyín. O ní o fi ọwọ́ ara rẹ gbé wọn wọ rélùwéè ní Kàdúná, o sì sọ fún wọn pé bí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀ ní Ẹdẹ, iwájú wọn gan-an ni ọkọ̀ Ara yóò wà. Òótọ́ lo sọ fún wọn, bó ṣe rí nìyẹn nígbà tí ìwọ ń wá sílé déédéé. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí o ti wá kẹ́yìn. Ẹdẹ tí ìwọ mọ̀ kọ́ ni ìyá rẹ sọ̀kalẹ̀ sí. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o tó dá wa lẹ́bi, kí o má sì dá ìyá lẹ́bi rárá.

Ṣé o rántí Jacob, àgbàlagbà tó máa ń gbé ẹrù ní ibùdó, tí kò léyín níwájú ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ ń dé ọjà? Bí rélùwéè bá ti dúró, Jacob yóò ti máa rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fèrèsé rẹ̀. Yóò ní, "Ẹdẹ rèé o, Ẹdẹ rèé. Ará Awo, ọkọ̀ yín wà lábẹ́ máńgòrò. Ará Ara, ọkọ̀ Sùúrù Lérè ń dúró dè yín, ẹ má sáré, ẹ má ṣubú. Ẹni tó ń lọ Gbọ̀ngán, kí ó dá títì kọjá." Yóò sọ ọ́ ní Yorùbá, yóò sọ ọ́ ní Haúsá, yóò tún sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó wọ kóòtù, Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ àfi òun nìkan. Kò sí àlejò tó ń béèrè ọ̀nà nígbà náà, nítorí Jacob ti dá a lóhùn kó tó la ẹnu. Nígbà tí ìjọba ológun ní owó kò sí lápò mọ́, Jacob wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé. Pátákó kan ni wọ́n kàn mọ́ ògiri dípò rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kọ sí i, òjò sì ti fọ ìdajì rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ gáréèjì tún wà níbẹ̀. Nínú ogun tí wọ́n ní àwọn gbé ti ìwà pálapàla, àwọn sójà dé iwájú ibùdó níjọ́ kan, wọ́n wò ó, wọ́n ní ó rí jákujàku. Wọ́n lé ọkọ̀ Ara àti ọkọ̀ Awo lọ sẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà Awo. Ọkọ̀ Gbọ̀ngán àti ti Ifẹ̀ ni wọ́n kó wá sábẹ́ máńgòrò. Wọ́n ní kí èrò máa tò, kí ọmọ ọkọ̀ kankan má sì pariwo orúkọ ìlú mọ́, pé ariwo náà wà lára ìwà pálapàla. Ẹni tó bá pariwo, wọ́n á ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí ibùdó ká. Mo rí bàbá onírùngbọ̀n funfun kan tó ń fò bẹ́ẹ̀. O mọ̀ mí pé mo fẹ́ràn ẹ̀rín, ṣùgbọ́n n kò lè rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni iwájú ibùdó ti dákẹ́ bí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ajé. Ọkọ̀ dúró, èrò tò, olúkúlùkù ń wo ẹ̀yìn orí ẹni tó wà níwájú rẹ̀.

Wàyí o, Sùúrù Lérè. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n, ọkọ̀ Bẹ́dífọ́ọ̀dù aláwọ̀ búlúù tí wọ́n kọ orúkọ yẹn sí lára, tí Bàbá Ọlátúnjí fi ń ná ọ̀nà Ara láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Ìyá rẹ kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ búlúù náà, wọ́n mọ ẹyẹ funfun tí wọ́n yà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ ohùn fèrè rẹ̀. Gbogbo ará Ara ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn kì í béèrè ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ. Bí o bá wọ̀ ọ́ tí o ní Ara lò ń lọ, wọ́n á fi ọ́ ṣẹ̀sín títí ẹ ó fi délé, wọ́n á ní àlejò ni ọ́, tàbí pé o ti jẹun Èkó jù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi èmi náà ṣẹ̀sín nígbà tí mo tẹ̀ lé ọ lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Lẹ́yìn Kérésìmesì tó kọjá ni ọkọ̀ náà dákẹ́. Táyà kò sí, irin iṣẹ́ rẹ̀ kò wọlé láti òkè òkun mọ́, a kò sì rí i fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó tún yọ lábẹ́ máńgòrò láìpẹ́ yìí, èmi fúnra mi dìde lórí àga, mo ní Bàbá Ọlátúnjí ti rí táyà, wọ́n sì ti bá àwọn sójà sọ̀rọ̀. N kò lọ wo ẹni tó jókòó nídìí ọkọ̀. Ta ni í lọ wo ìyẹn?

O mọ ohun tó ń lé ìyá bọ̀ nílé. Ìwọ náà lo kọ ọ́ sí mi pé Bàbá Rábíù ránṣẹ́, pé àìsàn náà ti wọ̀ wọ́n lára, wọn kò sì ní pẹ́ lọ. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ oko obì ìyá wọn ti da ilé rú ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò kò ti sọ̀rọ̀ síra wọn. Bàbá ní àwọn kò fẹ́ kí àgbà kankan jókòó láti bá àwọn parí rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí àbúrò àwọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi sínú ife kan, kí àwọn mu ìdajì, kí àbúrò mu ìdajì, kí ìjà náà tán. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n tún ń fẹ́ nílé ayé. Ìyá kò dúró kí ọmọ ọmọ wọn pé ogójì ọjọ́. Mo fẹ́ kí o rántí èyí bí o ṣe ń ka ìyókù.

Ọjọ́ Ẹtì ni a retí rélùwéè náà, àárọ̀ Sátidé ló dé, ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́ lọ́nà. Sátidé náà sì ni Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọjú sí títì títí ago mẹ́wàá yóò fi lù. Mo wà nílé, mò ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, sójà kan dúró lé mi lórí. Mo gbọ́ fèrè rélùwéè, n kò sì lè lọ. Àwọn èrò jókòó sórí ẹrù wọn nínú ibùdó, wọ́n ń wo ìta bí ẹni pé wọ́n tì wọ́n mọ́lé.

Sìmbíátù tó ń ta òkìrìkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló rí ìyá. Ìsọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń sùn sí nítorí àwọn olè, ìdí nìyẹn tó fi wà níbẹ̀. Ó ní ètè ìyá gbẹ, ojú wọn sì wọ inú. Ó ní òun fẹ́ bu omi fún wọn, wọ́n ní ààwẹ̀ ni àwọn ń gbà. Sìmbíátù ní Ọlọ́run gba arìnrìn-àjò láyè láti sọ ọ́ kalẹ̀. Ìyá ní àwọn ti ń gbà á bọ̀ láti Kàdúná, ibi tó kù díẹ̀ yìí kọ́ ni àwọn yóò ti tú u. Sìmbíátù wá bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ibi tí ọkọ̀ wọn wà. Gbọ́ dáadáa, Ìyàndá, nítorí ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ nìyí. Ìyá rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ sí abẹ́ máńgòrò, níbi tí Sùúrù Lérè dúró sí bó ṣe máa ń dúró, wọ́n ní, "Sìmbíátù, ṣé ọ̀nà ilé bàbá mi lo fẹ́ fi hàn mí ni?" Sìmbíátù náà wo ọkọ̀ náà, ó rí búlúù, ó rí ẹyẹ, ó sì pa ẹnu mọ́.

Bí ago mẹ́wàá ti lù, ìyá lọ tò sẹ́yìn Sùúrù Lérè. Kò sí ẹni tó ké Gbọ̀ngán, kò sí ẹni tó ké Ara. Wọ́n gòkè láti ẹ̀yìn, wọ́n jókòó sórí pákó láàárín àwọn àpò ẹrù. Tapólì bo ọkọ̀ náà, wọn kò rí iwájú. Wọ́n gbóhùn sókè sí awakọ̀, wọ́n ní, "Ṣé àlàáfíà ni? Àwọn ará ilé ńkọ́?" Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ dáhùn pé, "Àlàáfíà ni wọ́n wà, ìyá. Ẹ kú ìrìn." Awakọ̀ wo ni kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀? Ìyá ní ohùn náà yàtọ̀ létí àwọn, ṣùgbọ́n àwọn rò pé òtútù ló mú Bàbá Ọlátúnjí. Ebi ààwẹ̀ àti àìsùn inú rélùwéè pa pọ̀, oorun gbé wọn lọ kí ọkọ̀ tó kúrò láàárín ìlú.

Èmi dé ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìyẹn, ẹrẹ̀ gọ́tà ṣì ń rùn lọ́wọ́ mi. Sìmbíátù ní, "Ìyá Ìyàndá ti dé o. Wọ́n ti wọ Sùúrù Lérè, wọ́n á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ Ara." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo jókòó ti ẹ̀rọ mi, mò ń lẹ ṣòkòtò, mò ń kọrin ìyìn lábẹ́lẹ̀. N kò lè gbàgbé orin yẹn.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí Rábíù ọmọ bàbá gun kẹ̀kẹ́ dé láti Ara, òógùn bò ó. Ó ní bàbá òun ti ń mí bí ẹni tó ń gun òkè, wọ́n sì ń béèrè àbúrò wọn. Mo ní ìyá ti lọ tipẹ́ nínú Sùúrù Lérè. Rábíù sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá Bámidélé, Sùúrù Lérè wo? Bàbá Ọlátúnjí ti ta ọkọ̀ yẹn. Gbọ̀ngán ni ẹni tó rà á ń ná." Mo bi í pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ. Ó ní ojú ló ń ti Bàbá Ọlátúnjí, pé wọ́n sọ fún gbogbo Ara pé ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Òun mọ̀ nítorí ọmọ wọn ni òun fi ṣe ìyàwó, ta ni yóò sì tú àṣírí àna rẹ̀? Ó sọ ọ́, ó sì bojú wolẹ̀.

A sáré lọ sábẹ́ máńgòrò. Ọmọ ọkọ̀ kan fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sọ fún wa pé Gbọ̀ngán ni Sùúrù Lérè lọ, ó di ọ̀la kó tó padà. Pẹtiróòlù kò sí, àwọn ọkọ̀ tó kù ti lọ tò sí ilé epo. Sójà kan wà níbẹ̀ tó ní alùpùpù. Mo bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ mi, mo ní ẹ̀mí èèyàn ló wà níbẹ̀. Ó ní kí n lọ tò. Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, kò sí ìlà kankan tí mo lè tò sí. Mo sọ fún Rábíù pé kí ó padà lọ sílé, kí bàbá má dá wà, kí ó sọ fún wọn pé ìyá ti dé Ẹdẹ, wọ́n ń bọ̀.

Nígbà tí ọmọ ọkọ̀ jí ìyá, tó ní Gbọ̀ngán rèé, wọ́n rò pé ó ń bá àwọn ṣeré. Wọ́n ní kí ó pe Bàbá Ọlátúnjí fún àwọn. Awakọ̀ sọ̀kalẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin ni, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun kọ́ ni Bàbá Ọlátúnjí. Èèyàn rere ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó mú wọn lọ sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, wọ́n fún wọn ní ìṣínu, wọ́n tẹ́ ẹní fún wọn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó fi wọ́n sínú ọkọ̀ oníṣu kan tó ń bọ̀ ní Ẹdẹ. Ìyá ní àwọn kò lè jẹ oúnjẹ náà.

Mo ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo rí wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò dúró kí n kí wọn. Wọ́n ní, "Bámidélé, ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?" Mo ní Rábíù wà lọ́dọ̀ wọn. A rin ìlú já, nítorí kò sí ohun tó ń gbé èèyàn láti ibùdó dé gáréèjì tuntun. Ìyá ń sáré níwájú, èmi ń tẹ̀ lé wọn, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ń bó mi lẹ́sẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣoṣo la bá níbẹ̀, awakọ̀ ní àfi tó bá kún. Bí a ṣe jókòó, ìyá ń bi gbogbo ẹni tó bá gòkè pé, "Ṣé Ara lò ń lọ?" Wọ́n bi awakọ̀, wọ́n tún bi í, títí ó fi bú wọn. Àwọn ará Ara tó wà nínú ọkọ̀ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àlejò ni wọ́n. Mo bojú wo ìta.

Bí ọkọ̀ ti já wa sílẹ̀ ní Ara, a pàdé àwọn ọkùnrin tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé Bàbá Rábíù, wọ́n gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì léjìká. Wọ́n rí ìyá, wọ́n dúró. Ìyá wo ọkọ́, wọ́n wo iyẹ̀pẹ̀ pupa lẹ́sẹ̀ àwọn ọkùnrin náà, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ lójú títì.

Àsìkò sààrì ni bàbá lọ, o sì mọ̀ pé kò sí ìdúró nínú ìsìnkú tiyín. Rábíù sọ fún mi pé nígbà tí òun dé lálẹ́ tí òun ní ìyá ti wà ní Ẹdẹ, bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí òun ṣí fèrèsé, kí àwọn lè máa gbọ́ bí Sùúrù Lérè bá fọn fèrè lórí òkè. Rábíù kò lè sọ fún baba tó ń kú lọ pé ọkọ̀ náà kò lọ sí Ara mọ́. Ó ṣí fèrèsé. Bàbá dẹ etí sílẹ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́ lára wọn.

Ta ni kí n dá lẹ́bi, Ìyàndá? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Bàbá Ọlátúnjí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, agolo ọ̀dà dúdú àti búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ ọmọkùnrin Gbọ̀ngán yẹn, kí ó jẹ́ kí àwọn pa orúkọ náà rẹ́, àti ẹyẹ náà. A lọ sábẹ́ máńgòrò. Ọmọkùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀, ó bá wa kẹ́dùn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ó ní kí a má bínú, òun kò lè jẹ́ kí a fi ọ̀dà kàn án. Ó ní nígbà tí òun ra ọkọ̀ yẹn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, táyà rẹ̀ ti họ. Ó ní, "Orúkọ yẹn ni mo rà, bàbá. Òun ni èrò ń wọ̀." Bàbá Ọlátúnjí gbé ọ̀dà wọn padà, wọ́n fẹsẹ̀ rìn gba ọ̀nà Ara lọ. Inú ń bí mi sí wọn, àánú wọn sì ń ṣe mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ìyá wà ní Ara lọ́dọ̀ Rábíù, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò níbẹ̀ àfi lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́. Bí o bá ń bọ̀ fún àdúà náà, má ṣe wọ ohunkóhun níwájú ibùdó Ẹdẹ, ìbáà ṣe orúkọ baba rẹ ni wọ́n kọ sí i lára. Yà sọ́dọ̀ mi. Bí n kò bá sí nílé, bi Sìmbíátù. Àwa méjèèjì ti ń ṣe iṣẹ́ Jacob lábẹ́lẹ̀ báyìí: bí rélùwéè bá dé, a ó lọ sẹ́bàá fèrèsé bí ẹni tó fẹ́ tajà, a ó máa sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọkọ̀ Ara àti Awo ti kó lọ sẹ́yìn ìlú. Àwọn mìíràn ń gbọ́, àwọn mìíràn rò pé a fẹ́ gbá wọn ní jìbìtì. Má sì wá ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Béèrè kí o tó gòkè, béèrè lẹ́yìn tí o bá gòkè tán. Àwọn àgbà ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún wa pé a ó máa béèrè ọ̀nà ilé bàbá wa.

Ó ku ohun kan tí ọwọ́ mi ń lọ́ra láti kọ. Nígbà tí ìyá dìde lójú títì lọ́jọ́ náà, wọn kò wọlé. Wọ́n ní kí wọ́n bu omi fún àwọn nínú ife. Àwọn èèyàn rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ wọ́n, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé ààwẹ̀ ńkọ́. Wọ́n gbé ife náà lọ sẹ́yìn ilé, síbi tí ilẹ̀ sàréè ṣì tutù. Wọ́n da ìdajì omi náà síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fún aláìsàn mu. Wọ́n gbé ìdajì kejì dé ẹnu, wọ́n rántí ààwẹ̀, wọ́n gbé e kúrò. Wọ́n fi ìborùn wọn bò ó, wọ́n jókòó tì í. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wá kí wọn kú ọ̀fọ̀, ọwọ́ kan ni wọ́n na sí wọn, ọwọ́ kejì kò kúrò lórí ife. Nígbà tí ládàánì pe ìrun, Rábíù gbé oúnjẹ ìṣínu wá, wọn kò wò ó. Wọ́n ṣí ife náà, wọ́n mu omi náà tán, wọ́n dojú ife dé ilẹ̀. Wọ́n ní, "Bámidélé, kọ ọ́ sí ọmọ mi pé mo ti bu omi fún ẹ̀gbọ́n mi, a ti parí ìjà wa. Sọ fún un pé ọ̀nà ló jìn."

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi nìyẹn, mo sì ti jẹ́ ẹ. Bá mi kí Kafilat, kí o bá mi gbé ọmọ náà jó. Kí àwọn ọmọ Ẹdẹ tó wà ní Kàdúná, sì sọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí fún gbogbo ẹni tó bá ní ìyá tó ń bọ̀ nílé.

Èmi tí n ó máa wo gbogbo rélùwéè títí o ó fi dé,

Bámidélé Télọ̀.